Kí Ọwọ́ Tó Ṣe É, Kí Ẹnu Kọ́kọ́ Sọ Ọ́

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń bi mí pé iṣẹ́ wo ló dára jù láti kọ́, ẹ fa àga yín súnmọ́ mi. Mi ò ní sọ fún yín pé iṣẹ́ tèmi ló dára jù. Mo kàn fẹ́ sọ bí ó ti rí lọ́wọ́ tèmi, láti ìgbà tí mo ti ń mú irin tí a fi ń jó òjé, títí di ọjọ́ tí mo fi kọ́kọ́rọ́ yàrá kọ̀mpútà lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Bí ẹ bá rí ohun tí ẹ máa mú níbẹ̀, ẹ mú un. Bí ẹ ò bá rí, ẹ ṣáà ti gbọ́ ìtàn.

Orúkọ mi ni Àkànbí. Ní Pobè, Bàbá Fídíò ni àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ń pè mí, nítorí èmi ni mo tọ́jú kíláàsì orí fídíò: olùkọ́ á jókòó sí Pobè, àwọn ọmọ á wà ní Igana tàbí ní Sakété, wọ́n á máa wò ó, wọ́n á máa bi í ní ìbéèrè, bí ẹni pé ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín wọn. Ṣùgbọ́n kí n tó di Bàbá Fídíò, mo ti kọ́kọ́ jẹ́ ọmọ tó ba rédíò bàbá rẹ̀ jẹ́.

Igana ni bàbá mi ti ń dáko. Wọ́n ń gbin àgbàdo àti ẹ̀gẹ́, wọ́n sì ní igi ọ̀pẹ díẹ̀. Rédíò kan ṣoṣo tí wọ́n ní, mo tú u láti wo ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, mi ò sì mọ bí mo ṣe máa tò ó padà. Bàbá mi kò lù mí. Wọ́n kó rédíò náà sínú àpò, wọ́n mú èmi àti àpò wọ takisí lọ sí Sakété, lọ́dọ̀ Ọ̀gá Mọ́ísì tó ń tún rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ṣe.

Wọ́n ní, "Ọ̀gá, ẹ bá mi tún èyí ṣe. Ẹ sì bá mi tún èyí tó bà á jẹ́ náà ṣe."

Bí mo ṣe dé ẹnu iṣẹ́ nìyẹn. Kò sí ọ̀rọ̀ púpọ̀ níbẹ̀.

Àtẹ́líyè ni a ń pe ilé iṣẹ́ ọwọ́ lọ́dọ̀ wa. Ti ọ̀gá mi wà lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí Àjàṣẹ́, nítòsí ibi tí àwọn obìnrin ti ń ta gàrí, débi pé kò sí tẹlifíṣọ̀n tí a tú tí a kì í bá ẹ̀kúnná gàrí nínú rẹ̀. Ọ̀gá Mọ́ísì jẹ́ ọmọ ìjọ aláṣọ funfun tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́. Bí wọ́n bá wọ sùtánà wọn, wọn kì í wọ bàtà. Ọjọ́ kejì tí mo dé, mo rò pé mo gbọ́n, mo bọ́ bàtà mi sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kí n tó wọlé. Wọ́n wo ẹsẹ̀ mi, wọ́n wo ojú mi.

Wọ́n ní, "Wọ bàtà rẹ. Ṣọ́ọ̀ṣì ni a ti ń bọ́ ọ. Kúràn kò mọ ẹni mímọ́."

Kúràn ni iná mànàmáná lẹ́nu tiwa. Ọ̀gá mi bọ̀wọ̀ fún un bí ẹni ń bọ̀wọ̀ fún àna.

Òfin kan ṣoṣo ló wà ní àtẹ́líyè yẹn, òun ló sì nira ju gbogbo ohun tí mo kọ́ lọ. Kí ọwọ́ rẹ tó kan ohunkóhun nínú ẹ̀rọ, ẹnu rẹ gbọ́dọ̀ sọ ọ́ sókè. "Mo fẹ́ yọ fiúsì." Ẹni tó wà nítòsí á dá ọ lóhùn, "Ó yá," tàbí "Dúró." Bí kò bá sí ẹni tó dáhùn, o ò gbọdọ̀ ṣe é. Ìdí rẹ̀ ni pé nígbà tí ọ̀gá mi fúnra wọn wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́, ẹnìkejì wọn ti ọwọ́ bọ inú tẹlifíṣọ̀n kan, ẹlòmíràn sì tan kúràn láìsọ̀rọ̀. Wọn kì í sọ ìyókù. Bí ìtàn náà bá ti dé ibẹ̀, wọ́n á ní ká padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ojú máa ń tì mí. Àwọn oníbàárà á jókòó, wọ́n á máa wo ọmọkùnrin tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Àwọn ìyá elégàrí sọ ọ́ di eré. Ọ̀kan nínú wọn á gbé ife, á wò mí, á ní, "Mo fẹ́ mu omi," èkejì á sì dáhùn láti ìsọ̀ tirẹ̀ pé, "Ó yá." Wọ́n á rẹ́rìn-ín títí gàrí á fi dànù lọ́wọ́ wọn.

Bí mo bá sì fi ìtìjú dákẹ́, tí mo ṣe nǹkan láìsọ ọ́, Ọ̀gá Mọ́ísì kì í pariwo. Wọ́n á kàn ní, "Tú u." Bó jẹ́ pé mo ti parí iṣẹ́ náà, tí ẹ̀rọ ti ń sọ̀rọ̀, tí oníbàárà ti dìde láti máa lọ, máa tú gbogbo rẹ̀, máa sì tún un tò láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹnu mi á máa lọ bíi ti aṣọ́bodè.

Ìgbà kan wà tí mo ní, "Mo fẹ́ gé okùn pupa." Ọ̀gá mi ń jẹun lọ́wọ́. Wọ́n ní, "Dúró." Wọn ò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo dúró, ọwọ́ mi wà lókè, pẹ̀lú ohun ìgé okùn. Wọ́n jẹun tán, wọ́n ṣan ọwọ́, wọ́n nu ẹnu, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, wọ́n wá dìde lọ yọ kúràn lára ògiri. Okùn pupa yẹn ni kúràn wà nínú rẹ̀. Ọwọ́ mi ro mí fún ọjọ́ méjì, ṣùgbọ́n ọwọ́ náà nìyí, mo ṣì fi ń kọ̀wé. Ohun tí a ò bá jìyà fún kì í tọ́jọ́.

Ọjọ́ tí mo gbòmìnira, bàbá mi wá láti Igana pẹ̀lú ẹmu àti àgbébọ̀ adìyẹ. Ọ̀gá mi wọ inú yàrá, wọ́n gbé àpò kan jáde. Rédíò bàbá mi ló wà nínú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí mo ti tú u gan-an. Láti ọjọ́ tí mo ti dé, wọn ò fọwọ́ kàn án.

Wọ́n ní, "Tìẹ ni. Àwa ò lè bá ọ tún un ṣe."

Mo tún un ṣe níṣojú gbogbo ènìyàn. Mò ń sọ ọ́ bí mo ti ń ṣe é, bàbá mi àgbẹ̀, tí wọn ò mọ ohun tí fiúsì jẹ́, ni wọ́n sì ń dá mi lóhùn pé, "Ó yá, Àkànbí. Ó yá." Nígbà tí rédíò fọhùn, àwọn ìyá elégàrí ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. Mi ò tíì ní ayọ̀ tó ju ti ọjọ́ yẹn lọ.

Mo ṣí àtẹ́líyè tèmi sí Pobè, nítòsí ọjà. Ẹ jẹ́ kí n yára kọjá níbẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n onígi lọ, oníke dé. Fídíò onítéèpù dé, òun náà lọ. Nígbà tó yá, ẹ̀rọ di ohun tí ènìyàn ń jù nù bó bá bàjẹ́, ó sì ku díẹ̀ kí èmi náà padà sí oko ẹ̀gẹ́. Ọlọ́run ló ní kí kọlẹ́ẹ̀jì kan ní Pobè gbà mí láti máa tọ́jú gbohùngbohùn wọn, tẹlifíṣọ̀n wọn àti ẹ̀rọ amúnáwá wọn. Ibẹ̀ ni mo wà nígbà tí wọ́n kó àwọn kọ̀mpútà àlòkù dé láti Àjàṣẹ́.

Àwọn kọ̀mpútà náà ti gbó, wọ́n ń kú bí adìyẹ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹnìkan fún mi ní dísìkì tí Linux, ètò tó ń darí kọ̀mpútà, wà nínú rẹ̀, ó ní ọ̀fẹ́ ni, ó sì lè gbé ara òkú dìde. Mo fi sí i. Ojú dúdú ni mo rí, àti àmì kékeré kan tó ń ṣẹ́jú. Kò sí àwòrán tí mo lè tẹ̀. Bí mo bá fẹ́ kí ó ṣe nǹkan, àfi kí n kọ nǹkan náà, ọ̀rọ̀ tẹ̀lé ọ̀rọ̀, kó tó ṣe é. Àwọn olùkọ́ ní ó le. Èmi rẹ́rìn-ín ní tèmi. Mo rí i pé Ọ̀gá Mọ́ísì ti kọ́ mi ní Linux kí Linux tó dé Sakété.

Mo kọ́ ọ díẹ̀díẹ̀, mo bà á jẹ́, mo tún un ṣe. Irun mi ti ń funfun nígbà yẹn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ìgbà ti kọjá lórí yín.

Ẹni tó mú kí a dá kíláàsì orí fídíò sílẹ̀ ni Màdámù Fẹlisité, olùkọ́ ìṣirò ní Pobè. Igana kò ní olùkọ́ ìṣirò. Màdámù ń gun ọ̀kadà, zẹ́mì tiwa, lọ kọ́ wọn lẹ́yìn iṣẹ́, ṣùgbọ́n bí òjò bá bẹ̀rẹ̀, ọ̀nà pupa yẹn á di ẹrẹ̀, Màdámù á máa ṣubú pẹ̀lú ìwé àti ṣọ́ọ̀kì. Lọ́jọ́ kan ó wọlé tọ̀ mí wá, ẹrẹ̀ dé orúnkún.

Ó ní, "Bàbá, ẹ̀rọ yín yìí, ṣé kò lè gbé ohùn mi dé Igana kí n tó kú sínú kòtò?"

Mo ní, "Ó lè gbé ẹ dé ibẹ̀ pẹ̀lú ojú rẹ."

Iṣẹ́ ló wà níbẹ̀. A gbé àǹtẹ́nà sókè ju orí ọ̀pẹ lọ. A fi bátìrì àti ẹ̀rọ tó ń gba oòrùn sí Igana. Alángbá wọ inú àpótí kan, ó kú síbẹ̀, ó sì kó gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ sínú òkùnkùn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí Màdámù kọ́kọ́ fara hàn lára ògiri kíláàsì Igana, tó ní, "Ẹ káàárọ̀, ẹ̀yin ọmọ," gbogbo wọn dìde dúró wọ́n kí i, ọmọ kékeré kan sì ń wo ẹ̀yìn aṣọ funfun tí a ta sára ògiri bóyá ẹsẹ̀ Màdámù wà níbẹ̀.

Kọ̀mpútà méjì ló gbé iṣẹ́ náà. Ọ̀kan ni a ti ń dán gbogbo nǹkan wò kí àwọn ọmọ tó rí i. Èkejì ni àwọn ọmọ ń lò, òun ló sì ń pa gbogbo ẹ̀kọ́ Màdámù mọ́. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Mo pe èyí tó ń dán nǹkan wò ní Táyé, ẹni tó kọ́kọ́ wá tọ́ ayé wò. Mo pe èyí tó wà fún àwọn ọmọ ní Kẹ́hìndé, ẹ̀gbọ́n tó jókòó, tó rán àbúrò níṣẹ́. Kò sí ẹni tó bi mí pé kí ló dé. Ta ni kò mọ ìyẹn láti Sakété dé Pobè?

Ọ̀gá Mọ́ísì ti dàgbà gan-an nígbà tí mo mú wọn wá wò ó. Inú wọn dùn sí Táyé àti Kẹ́hìndé, wọ́n sì súre fún wọn bí ẹni ń súre fún ọmọ. Lẹ́yìn náà mo fi Afúnraṣe hàn wọ́n. Orúkọ tí mo fún ètò kan nìyẹn, tí a kọ sínú Linux, tó ń fúnra rẹ̀ ṣiṣẹ́ ní ìdájí: á kó ẹ̀kọ́ tuntun jọ, á tò wọ́n, á dán wọn wò lára Táyé, bí Táyé bá gbà wọ́n, á gbé wọn lọ sọ́dọ̀ Kẹ́hìndé, láìsí ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Ọ̀gá mi wò ó títí. Wọ́n ní, "Ta ló ń sọ fún?"

Mo ní, "Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, Ọ̀gá. Ó kàn ń ṣe é."

Wọ́n mi orí, wọ́n gba omi mu. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni wọ́n sùn nínú Olúwa. A wọ sùtánà funfun fún wọn, láìsí bàtà, mo sì sunkún níbẹ̀ bí ẹni tó sin bàbá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Lẹ́yìn èyí ni àìsàn bá Màdámù lọ́fun. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, ó yá, ó padà síbi iṣẹ́, ṣùgbọ́n ohùn kò padà. Kò lè sọ ju èémí lásán lọ. Ó wá ń bá wa sọ̀rọ̀ pẹ̀lú síléètì kékeré kan, ní yàrá kọ̀mpútà ó sì gba òfin ọ̀gá mi lò fún ara rẹ̀: bí mo bá ní mo fẹ́ ṣe nǹkan, á fi ìka kan tábìlì lẹ́ẹ̀kan fún "Ó yá", lẹ́ẹ̀mejì fún "Dúró". A ò fòyà nítorí àwọn ọmọ, nítorí gbogbo ẹ̀kọ́ rẹ̀ ti wà lọ́dọ̀ Kẹ́hìndé, pẹ̀lú ohùn rẹ̀ nígbà tó ṣì dán. Àwọn ọmọ Igana ọdún yẹn ló máa kọ́kọ́ jókòó fún ìdánwò BEPC, ti ìparí ìpele àkọ́kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama, lẹ́yìn tó jẹ́ orí fídíò nìkan ni wọ́n ti kọ́ ìṣirò. Àwọn òbí ti sọ ọ́ tán: bí wọ́n bá fìdí rẹmi, a jẹ́ pé eré sinimá ni fídíò náà, kí àwọn ọmọbìnrin padà wá sídìí gàrí.

Kò sí dísìkì kẹta tí a kó àwọn ẹ̀kọ́ náà pamọ́ sí. Àrá ti ba èyí tí a ní jẹ́ ní òjò tó kọjá, a sì ń retí òmíràn. Àkókò yẹn ni wọ́n rán Sabí sí wa, ọ̀dọ́mọkùnrin onímọ̀ kọ̀mpútà láti apá àríwá, láti bá mi ṣe é nítorí ìfẹ̀yìntì mi ń bọ̀. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni. Tọ́ntọ̀n ló ń pè mí, bí àwọn tó ń sọ Faransé ṣe ń pe àbúrò bàbá wọn. Iṣẹ́ rẹ̀ mọ́, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o. Lọ́dọ̀ àwọn Sabí, bí ọmọkùnrin ṣe tẹ̀lé ara wọn dé ayé ni orúkọ wọn ń tẹ̀lé ara wọn: àkọ́kọ́ ni Wórú, èkejì ni Sabí, ẹ̀kẹta ni Bíò. Ẹni tó kọ́kọ́ dé ni ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ bùṣe. Sabí mọ̀ pé Táyé ló ń kọ́kọ́ jáde. Kò mọ̀ pé Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n. Ó gbà pé Táyé ni kọ̀mpútà àgbà, pé Kẹ́hìndé sì ni ẹ̀dà rẹ̀. Ó wá fi ìfẹ́ ṣe ohun tí onímọ̀ rere máa ṣe: ó ní kí Afúnraṣe máa mú kí Kẹ́hìndé rí bí Táyé gẹ́lẹ́, láràárọ̀, kí ohunkóhun má bàa sọnù.

Afúnraṣe kò bi ẹnikẹ́ni. Ó ṣe é.

Nítorí àyè, ohun tó wà lọ́dọ̀ Táyé ni orúkọ gbogbo ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n lábẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan, fídíò ìdánwò kan ṣoṣo ni mo fi síbẹ̀. Èmi ni mo wà nínú fídíò náà, tí mò ń sọ pé, "Ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, ṣé ẹ ń gbọ́ mi?" Ewúrẹ́ aṣọ́gbà sì wà lẹ́yìn mi, ó ń jẹ páálí. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ Igana pè mí lórí fóònù.

Ó ní, "Bàbá Fídíò, ẹ kú iṣẹ́. Àwọn ọmọ ṣí ẹ̀kọ́ onígun mẹ́ta, ẹ̀yin ni wọ́n rí. Wọ́n ṣí ti ìdá, ẹ̀yin náà ni. Ewúrẹ́ yẹn, ṣé ó wà nínú ìdánwò?"

Mo ti rẹ́rìn-ín kí ara mi tó tutù. Mo sáré wọ yàrá kọ̀mpútà. Sabí ti wà níbẹ̀, ó di orí mú, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Màdámù dúró lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú síléètì.

Sabí ní, "Tọ́ntọ̀n, ṣebí ẹni tó kọ́kọ́ jáde ni ẹ̀gbọ́n?"

Mo ní, "Lọ́dọ̀ yín ni. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹ̀gbọ́n ló ń rán àbúrò ṣíwájú."

Ó yé e. Ó fi ọwọ́ bo ojú. Mo mọ̀ pé bí a bá jẹ́ kí Kẹ́hìndé máa ṣiṣẹ́ lọ, ohun tó kù lábẹ́ yóò máa parẹ́ síwájú sí i. Mo ní, "Mo fẹ́ yọ kúràn lára Kẹ́hìndé." Màdámù ló kan tábìlì lẹ́ẹ̀kan.

Mi ò bú Sabí. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè, kèrègbè sì ni ọ̀rọ̀ wá dà. Linux ní ètò kan tó ń wá ohun tí a ti pa rẹ́ lára dísìkì, bí ẹni ń ṣa ìyẹ̀pẹ̀ nítorí abẹ́rẹ́. Èmi ò mọ̀ ọ́n lò dáadáa. Sabí mọ̀ ọ́n. Ó jókòó tì í fún ọjọ́ bíi mélòó kan, oúnjẹ tí ìyàwó mi ń gbé wá fún un ń tutù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ̀kọ́ ń padà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: ọwọ́ Màdámù, ṣọ́ọ̀kì Màdámù, pátákó dúdú. Ṣùgbọ́n Kẹ́hìndé máa ń pa àwòrán mọ́ lọ́tọ̀, ohùn lọ́tọ̀. Ibi tí ohùn wà ni fídíò tèmi ti dùbúlẹ̀ lé lórí, èmi àti ewúrẹ́. Àwòrán padà. Ohùn kò padà.

Màdámù jókòó, ó ń wo ara rẹ̀ tí ẹnu rẹ̀ ń lọ láìsí ìró. Ó kọ̀wé sórí síléètì, ó yí i sí mi: "Ẹ̀ẹ̀mejì ni ohùn mi lọ." Ọkàn mi bàjẹ́ gidigidi. Mo mọ̀ pé ìdánwò ti dé tán, pé kò sí olùkọ́ tí a lè rí yá, pé àwọn ọmọ Igana kò lè kọ́ ìṣirò lára ẹnu tó ń lọ láìsọ̀rọ̀.

Èmi náà jókòó tì í, mò ń wò. Nínú fídíò, ọwọ́ rẹ̀ gbé rúlà, ó fi ṣọ́ọ̀kì sí ibì kan. Ẹnu mi kò bi mí kó tó ṣí. Bó ti mọ́ ọn lára láti Sakété, ó ní, "Mo fẹ́ fa ìlà láti A dé B."

Màdámù yíjú sí mi. Lẹ́yìn náà ó fi ìka kan tábìlì, lẹ́ẹ̀kan.

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Sabí gbé gbohùngbohùn síwájú mi. Mò ń wo ọwọ́ Màdámù nínú àwòrán, mò ń sọ ohun tí ọwọ́ náà fẹ́ ṣe kó tó ṣe é, Màdámù sì jókòó tì mí. Bí mo bá sọ ọ́ dáadáa, á kan tábìlì lẹ́ẹ̀kan. Bí mo bá ṣì í, lẹ́ẹ̀mejì, á kọ àtúnṣe sórí síléètì, a ó sì tún un sọ. Ẹ rántí pé mi ò mọ ìṣirò. Faransé ni wọ́n fi ń kọ́ ọ, Faransé tèmi sì jẹ́ ti àtẹ́líyè. Bí ó bá tán lẹ́nu mi, mò ń fi Ànàgó, èdè wa nílé, parí rẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo pe igun ní ìgunpá, Màdámù sì rẹ́rìn-ín láìsí ìró títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Inú mi dùn sí ẹ̀rín yẹn ju bí mo ṣe lè sọ lọ.

Kí n má parọ́, agbára káká ni. Ọ̀fun mi gbẹ, ìyàwó mi ń po oyin mọ́ omi gbígbóná fún mi. Ṣùgbọ́n bí a bá ti parí ẹ̀kọ́ kan, Igana á gbà á lọ́jọ́ kejì. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ní àwọn ọmọ kọ́kọ́ fi ohùn mi ṣe yẹ̀yẹ́, lẹ́yìn náà wọ́n dákẹ́, wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ni Sabí àti Màdámù jà sí. Sabí fẹ́ kí ohùn mọ́. Ó ti ń yọ kíkàn tábìlì yẹn kúrò nínú ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́, ó ní ariwo ni. Màdámù rí i. Ó kan tábìlì lẹ́ẹ̀mejì, ó le débi pé ife ta. Ó gba síléètì, ó kọ ọ́ gàdàgbà: "Fi sílẹ̀. Ohùn mi nìyẹn." Sabí fi sílẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn náà ló tún Afúnraṣe kọ, láìjẹ́ pé mo ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Títí di òní, Afúnraṣe kì í ṣe ohunkóhun mọ́ kó tó kọ ọ́ sójú kọ̀mpútà pé, "Mo fẹ́ gbé ẹ̀kọ́ tuntun lọ sọ́dọ̀ Kẹ́hìndé." Á dúró síbẹ̀ títí ènìyàn kan á fi kọ ọ́ fún un pé, "Ó yá." Bí mo bá lè gbé Ọ̀gá Mọ́ísì dìde kí wọ́n wá wò ó, ǹ bá ṣe bẹ́ẹ̀.

Àwọn ọmọ Igana ṣe ìdánwò wọn. Kì í ṣe gbogbo wọn ló yege. Àwọn kan tún un ṣe lọ́dún tó tẹ̀lé e. Ṣùgbọ́n àwọn tó yege pọ̀ tó láti pa àwọn òbí lẹ́nu mọ́, kò sì sí ọmọbìnrin kankan tí wọ́n mú padà sídìí gàrí nítorí fídíò. Omi ló dànù, agbè ò fọ́. Mo fẹ̀yìn tì lọ́dún yẹn, Sabí sì gba kọ́kọ́rọ́. Ó ti bí ìbejì báyìí, ó pè mí lórí fóònù lọ́jọ́ tí wọ́n bí wọn kí n lè bá a fìdí rẹ̀ múlẹ̀ èwo ni ẹ̀gbọ́n.

Láìpẹ́ yìí mo lọ sí Igana láti wo oko tí bàbá mi fi sílẹ̀. Mo gba ẹ̀yìn ilé-ẹ̀kọ́ kọjá. Kúràn ti lọ lọ́jọ́ yẹn, bátìrì ti tán, kò sí fídíò, olùkọ́ kò sì sí nínú kíláàsì. Mo retí ariwo. Mo gbọ́ ohùn ọmọbìnrin kan, mo sì yọjú lójú fèrèsé. Ó dúró níwájú pátákó pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì àti rúlà, àwọn yòókù jókòó, wọ́n ń wò ó. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó mọ Ọ̀gá Mọ́ísì. A ti sin wọ́n kí àwọn wọ̀nyí tó mọ ìwé kà.

Ọmọ náà gbé ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ sókè, kò tíì fi kan pátákó. Ó ní, "Mo fẹ́ fa ìlà láti A dé B."

Gbogbo kíláàsì fi ìka kan tábìlì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, papọ̀. Omi bọ́ lójú mi, mi ò sì nù ún.

Ó wá fa ìlà náà.